Lọ́yà tó di ọ̀gá àwọn sójà ní Accra

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2017, Nana Addo Dankwa Akufo-Addo búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ Gánà ní gbàgede Black Star ní Accra. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi rán sójà lọ sí Gámbíà. Yahya Jammeh fìdí rẹmi nínú ìbò níbẹ̀, kò gbéjọba sílẹ̀, ECOWAS sì fẹ́ lé e. Ẹni ọdún 72 tó pàṣẹ yìí kò ṣe sójà rí. Lọ́yà ni.

Òfin ìlú Gánà tọdún 1992 ló fún un láṣẹ. Abala 57 ní Ààrẹ ni ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ọmọ ogun. Abala 210 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ ogun jọ àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀. Igbákejì Ààrẹ ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ológun, àwọn ọ̀gágun àti mínísítà sì jọ ń jókòó níbẹ̀. Bí ìràwọ̀ èjìká ọ̀gágun kan ní Burma Camp ti wù kó pọ̀ tó (ogun Bọ́mà tí àwọn bàbá tiwa náà lọ jà ni wọ́n fi sọ bárékè yẹn lórúkọ), ẹni tí kò wọ kákí ni yóò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tójú Gánà rí ló jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà márùn-ún ni sójà gbàjọba láàárín 1966 sí 1981, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì kan ilé Akufo-Addo gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1972, Ọ̀gágun Acheampong lé ìjọba Busia, Busia kan náà tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè gbàgbé nítorí bó ṣe lé wọn kúrò ní Gánà lọ́dún 1969. Edward, bàbá Akufo-Addo, ni Ààrẹ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Busia ni agbára wà. Ọdún tó ṣáájú ni ọmọ rẹ̀ di lọ́yà nílùú ọba.

Nígbà tó yá, Acheampong gbé ètò kan dé tó pè ní UNIGOV: kí sójà, ọlọ́pàá àti aráàlú jọ máa ṣèjọba, kí ẹgbẹ́ òṣèlú má sí mọ́. Akufo-Addo ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ tó ta kò ó. Afrifa náà wà níbẹ̀, ọ̀gágun tó bá wọn gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah lọ́dún 1966, tó wá ń bá àwọn lọ́yà pariwo pé kí sójà padà sí bárékè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1979, àwọn sójà mìíràn gbàjọba, wọ́n sì yìnbọn pa àti òun àti Acheampong.

Lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1995, láyé Ààrẹ Rawlings, Akufo-Addo wà lára àwọn tó ṣáájú ìwọ́de Kume Preko ní Accra nítorí owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Ìbọn dún. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́rin kú.

Ọ̀pọ̀ máa ń ka ìgbà tó fi jẹ́ alága ECOWAS, láti 2020 dé 2022, sí ìdánwò rẹ̀ tó le jù, torí sójà gbàjọba ní Málì, Gínì àti Burkina Faso. Ó fò lọ sí Conakry ní Gínì lọ́dún 2021 láti bá Doumbouya, sójà tó gbàjọba níbẹ̀, sọ̀rọ̀. Doumbouya kò kúrò. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ejura, ní Gánà fúnra rẹ̀, ló le jù. Sójà tẹlòmíràn ló wà ní Conakry, tirẹ̀ ló wà ní Ejura.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà, ní agbègbè Ashanti, ń wọ́de nítorí ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan tí wọ́n pa. Sójà ni wọ́n kó síta, níbi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Wọ́n yìnbọn, èèyàn méjì kú, mẹ́rin fara pa. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ George Koomson ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn pé kí ìjọba sanwó gbà-má-bínú fún ẹbí àwọn tó kú àti fún àwọn tó fara pa.