Bí A Ṣe Ń Ṣètò Oúnjẹ Àlejò Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kétu, Ìkòsí tàbí Mile 12, ọjà tí gbogbo Èkó ti ń ra ata wà nítòsí yín. Síbẹ̀, bí ẹ bá pe ènìyàn mẹ́wàá wá jẹun nílé, ó lè ti rẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Àìsí ètò ló sábà máa ń fà á. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní menu, ìyẹn àkọsílẹ̀ oúnjẹ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ fún àlejò, ètò oúnjẹ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ẹ mú bébà àti bírò, ká jọ ṣe ọ̀kan.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má tíì kọ orúkọ oúnjẹ kankan. Orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹni náà kì í jẹ. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist kì í jẹ ẹja àrọ̀, nítorí pé kò ní ìpẹ́. Àwọn kan wà tí èèwọ̀ ìdílé wọn kò jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan ẹran kan, àwọn mìíràn sì wà tí àtọ̀gbẹ ti dín ìrẹsì wọn kù. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ohun kan wà tí ẹ kì í jẹ?” Inú àlejò máa ń dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá yan olórí oúnjẹ. Ẹ wo àwọn onídùndún: ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, omele àti gúdúgúdú sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ìyá ìlù bá di mẹ́ta, ariwo ni yóò kù. Ká ní ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni olórí tiwa. Ìrẹsì ta lẹ́nu, ó sì gbẹ díẹ̀, nítorí náà mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ ni yóò gbè é. Àwọn àgbà tí kò ka ìrẹsì sí oúnjẹ yóò jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò. Èso ni a ó fi panu. Mẹ́rin péré nìyẹn, ó sì tó.

Ní ti ìwọ̀n, bí oúnjẹ mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, agolo mílíìkì mẹ́jọ tó fún ènìyàn mẹ́wàá. Mọ́ínmọ́ín, ẹ ka ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi mẹ́ta lé e. Ẹran, ẹ ka méjì méjì. Àlejò tó yà bá yín lójijì kò ní ba ètò yín jẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń rọrùn ni ata. Ata kan ṣoṣo lè bọ́ ìkòkò méjì. Ẹ lọ tòmátì, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà pọ̀, kí ẹ gbé e kaná, ṣùgbọ́n ẹ má tíì da òróró sí i. Ẹ jẹ́ kó máa hó títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò ki, débi pé bí ẹ bá fa ṣíbí gba àárín rẹ̀, ẹ ó rí ìdí ìkòkò. Nígbà náà ni kí ẹ pín in. Ìlàjì bọ́ sínú òróró gbígbóná, ó di ti jọ̀lọ́ọ̀fù. Ìlàjì bọ́ sínú epo pupa, ó di ti ẹ̀fọ́. Ká ní ẹ ti da òróró sí gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀fọ́ yín kò ní ní adùn epo pupa mọ́. Ẹ ṣẹ́ tàtàṣé àti rodo díẹ̀ kù tí ẹ ó lọ̀ mọ́ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín.

Ó wá kan ọjà. Láti Òkè Ọya ni tírélà ti ń kó ọ̀pọ̀ tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ wá sí Mile 12, ọ̀nà náà sì jìn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló máa ń fọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n da tòmátì náà sínú abọ́ kí ẹ rí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: èyí tó le díẹ̀, tí awọ rẹ̀ ń dán, ni kí ẹ mú. Tòmátì tí wọ́n ń pè ní ti Yorùbá máa ń kan, ó sì lómi ju ti Haúsá lọ. Bí òun ni ẹ bá rí, ẹ fi tàtàṣé kún un, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná.

Ẹ kọ orúkọ ohun mìíràn tó lè rọ́pò sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rà, nítorí pé ọjà kì í dúró sójú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá ń kórè l'Ókè Ọya, tòmátì máa ń pọ̀. Láàárín òjò, ó máa ń wọ́n. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta run oko tòmátì ní ìpínlẹ̀ Kaduna, owó apẹ̀rẹ̀ kan sì fò sókè débi pé àwọn ènìyàn ń pe àjàkálẹ̀ náà ní Ebola tòmátì. Ẹni tó ti kọ “tàtàṣé àti tòmátì alágolo” sí ẹ̀gbẹ́ “tòmátì” kò ní dúró máa wo ojú ọlọ́jà.

Èso ni kí ẹ rà kẹ́yìn, kí ẹrù má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọjà èso Ìkòsí ní Kétu kò jìnnà sí Mile 12. Ọ̀pẹ òyìnbó tó bá ń ta sánsán nídìí ti pọ́n. Èso tó wà lásìkò ni kí ẹ mú. Òun ló máa ń dùn, òun náà ló sì máa ń pọ̀.

Ohun tó kù ni iná, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ ka ojú gáàsì yín. Bó bá jẹ́ méjì, ìkòkò méjì péré ló lè wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ fẹ́ jẹun, kí ẹ máa kà padà sẹ́yìn. Bí àlejò yóò bá jókòó ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ti lọ ọjà, ẹ ti se ata gbẹ, ẹ sì ti bọ ẹran lọ́jọ́ Sátidé. Lójú gáàsì kan, mọ́ínmọ́ín yóò wà láti aago 2:45 sí 3:45, ẹ̀fọ́ rírò yóò gorí rẹ̀ ní aago 4, omi ẹ̀bà yóò sì tẹ̀lé e ní aago 4:45. Lójú kejì, jọ̀lọ́ọ̀fù yóò wà láti aago 3:30, kó lè dín díẹ̀ nídìí kó sì rọ̀ lókè. Ẹ̀bà ni ẹ ó tẹ̀ kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí àlejò bá ti jókòó, nítorí pé bó bá tutù, ó ti di òkúta.

Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ní aago 5 ẹ ó ti wẹ̀, ẹ ó ti pààrọ̀ aṣọ; bí ẹ bá sì ti tẹ ẹ̀bà tán, ẹ ó jókòó ti àwọn ènìyàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ara yín di ẹni tó se oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn tí kò bá ẹnì kankan jẹ ẹ́. Ìjókòó yín pẹ̀lú wọn wà lára ohun tí wọ́n wá jẹ.