Dísìkì Kan Kò Tó: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Á Mọ̀ Nípa RAID

 

Ní Matteson níhìn-ín, a pàdánù ohun tí owó kò lè rà. Inú dísìkì kan ṣoṣo ni a tọ́jú oríkì tí ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa kì fún wa nígbà tí a lọ sílé sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, dísìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí dún kọ́-kọ́-kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dákẹ́. Ìyá àgbà náà sì ti re ibi àgbà ń rè. Kí ó má baà ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Oríṣi dísìkì méjì ni ó wọ́pọ̀. Hard disk ní àwo pẹlẹbẹ tí ń yí, àti apá kékeré tí ń ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. SSD kò ní ohun tí ń yí nínú. Ó yára jù, ó sì sábà máa ń wọ́n jù. Àti èyí àti èyí, kò sí èyí tí kò lè kú.

RAID ni kí á so dísìkì púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan. Ìlú Chicago tí a ń wọ ọkọ̀ ojú irin Metra lọ yìí gan-an ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, láti Yunifásítì California ní Berkeley, ti gbé ìwé wọn lórí rẹ̀ kalẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1988.

Ẹ jẹ́ kí á fi dísìkì tẹ́ràbáìtì 4 ṣe àpẹẹrẹ.

RAID 0: Dísìkì méjì pín ẹrù. Àyè 8 ni ẹ ó ní, iṣẹ́ a sì yá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ.

RAID 1: Ohun tí a kọ sí ọ̀kan ni a kọ sí èkejì, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Àyè 4 péré ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, èkejì wà.

RAID 5: Dísìkì mẹ́ta, ó kéré tán. Àyè 8 ni ti yín. 4 yòókù wà fún ìṣirò. Bí àpapọ̀ nọ́ńbà méjì bá jẹ́ 8, tí ọ̀kan sì jẹ́ 5, ta ni kò mọ̀ pé 3 ni èkejì? Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń mú ohun tí ó wà nínú dísìkì tí ó kú padà. Bí méjì bá kú pọ̀, ó parí.

RAID 6: Dísìkì mẹ́rin, ó kéré tán. Méjì lè kú kí ohunkóhun má sọnù.

Síbẹ̀, ẹ má fi RAID nìkan ṣe agbójúlé. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́, ó pa rẹ́ lára gbogbo wọn náà nìyẹn. Bí olè bá gbé àpótí náà, gbogbo wọn ni ó gbé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé ọ̀rẹ́, kí ẹ fi òmíràn sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa ṣí wọn wò lóòrèkóòrè.

Àwọn àgbà ṣì kù nílé tí wọ́n mọ oríkì wa. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ bàálù padà, ẹ rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ ju ọ̀kan lọ.