Ẹni Tí Ìtọ̀ Kò Dá Lára Rẹ̀ Náà Ní Ẹ̀tọ́ sí Mọ́sálásí

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ èyí tí ojú ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ. Àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọn kò yọjú sí ìrun Jímọ́ọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ wọn dínkù. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Òmíràn jẹ́ bàbá àgbàlagbà tí kókó abẹ́ àpòòtọ̀ rẹ̀ wú, tí dókítà sì fi rọ́bà sí i lára kí ìtọ̀ lè máa ṣàn sínú ọ̀rá tí a so mọ́ itan rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún, tí ìgbẹ́ ń gba ara ikùn rẹ̀ jáde sínú ọ̀rá. Òmíràn jẹ́ ìyá tí ìrọbí pẹ́ lára rẹ̀ títí ó fi dá ọgbẹ́ sí i nínú, tí ìtọ̀ sì ń ro lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Púpọ̀ nínú wọn rò pé àwọn kò mọ́ tó láti kírun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fatimah ọmọ Abu Hubaysh sọ fún Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ẹ̀jẹ̀ òun kì í dá, tí ó sì béèrè bóyá kí òun fi ìrun sílẹ̀, Ànọ́bì kò gbà fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Lórí èyí ni àwọn onímọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí ìtọ̀ ń ro lára rẹ̀ kà. Ní ìlànà Imam Malik, tí ó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, bí ó bá ń ro fún ìdajì àkókò ìrun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ba àlùwàlá jẹ́. Àwọn Imam mẹ́ta yòókù ní kí ó ṣe àlùwàlá tuntun nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kí ó sì kírun rẹ̀.

Ọlọ́hun ti mú un rọrùn. Kí ló dé tí àwa fi ń mú un le? Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́sálásí wa: ìlẹ̀kùn kò ṣe é tì, ilẹ̀ ń yọ̀, ìlóṣòó nìkan ni ó gbà, kò sì sí ibi tí a lè gbé nǹkan lé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń da ọ̀rá rẹ̀ nù gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, kí kòkòrò àrùn má baà gba ojú rọ́bà wọlé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024.

Ohun tí a ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí fún kò pọ̀. Kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kí ó ní ìjókòó, irin ìdìmú lára ògiri, pẹpẹ kékeré, omi nítòsí, àti garawa ìdalẹ̀nù onídèérí. Kí tọkọtaya lè jọ wọ ibẹ̀, nítorí ìyàwó ni ó sábà máa ń tọ́jú ọkọ. Ìjọ tí ó lè ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè sọ pé irin ìdìmú wọ́n jù. Kí àwọn Lèmọ́mù sì sọ ìdájọ́ yìí ketekete lórí mínúbárì.

Ará oko kan tọ̀ sínú mọ́sálásí Ànọ́bì rí. Àwọn ènìyàn jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Ànọ́bì dá wọn lẹ́kun, ó ní kí wọ́n da garawa omi kan síbẹ̀. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá rí àánú bẹ́ẹ̀ gbà, aláìsàn ńkọ́? Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjọ́ ogbó ń bọ̀ wá bá gbogbo wa. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn. Àmín.