Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ìgbádùn Orin Ìbílẹ̀ ní Agbo Kékeré

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, tí wọ́n sì fi kún un pé ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́ láti fi yangàn lásán. Ohun tí ojú wọn rí tí etí wọn sì gbọ́ ni wọ́n ń sọ, ní àgbàlá ilé, ní abẹ́ igi odán, àti ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, níbi tí àwọn ènìyàn tí kò ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ ti máa ń jókòó yí onílù ká, tí olórin mọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, tí ó mọ baba tí ó bí wọn, tí ó sì mọ oríkì tí yóò fi pè wọ́n tí orí wọn yóò wú.

Ẹni tí ó bá mọ àgídìgbo fúnra rẹ̀ yóò mọ ìdí tí òwe náà fi bá a mu. Àpótí pákó ni, tí a dá ihò sí lójú, tí a sì to irin pẹlẹbẹ mélòó kan sí, tí onílù ń fi ìka ta, tí ó sì tún ń kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà bí orin ti ń lọ. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì tutù, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Bí a bá gbé e sí gbọ̀ngàn ńlá láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí a bá sì fi ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ sókè ju bí ó ti yẹ lọ, ìró gbìm-gbìm ni yóò kù létí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò ti lọ.

N kò bá òde ńlá jà. Ọjọ́ ìnáwó ni ọjọ́ ìnáwó ń jẹ́, bí a bá sì ń sin òkú àgbà tàbí tí a ń fi ọba jẹ, kò burú kí a gbé ẹ̀rọ síta kí ará ọ̀nà lè mọ̀ pé ayẹyẹ ń lọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti di baba ọmọ àti ìyá ọmọ lónìí ni kò tíì gbọ́ ìlù tàbí gòjé rí láìjẹ́ pé ohùn náà kọ́kọ́ gba inú wáyà kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni agbo kékeré ni a dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin wa fún, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá tíì jókòó nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, ìdajì orin náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú dùndún ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin wa. Ìyáàlù ni olórí, òun ni ó ń gbé ṣaworo sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, tí ìró rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ wọ inú ilé. Kẹríkẹrì, ìsáájú, gángan àti kànàngó ń tẹ̀lé e. Gúdúgúdú tí ìda lẹ̀ mọ́ lójú, tí a ń fi bílálà méjì lù, kì í sì í sinmi títí agbo yóò fi tú. Igi apá tàbí igi ọmọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìyáàlù. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀sán awọ ni wọ́n sì fi ń so ojú kan mọ́ èkejì. Inú ọ̀sán yìí ni gbogbo àṣírí náà wà. Bí onílù bá fún un, ohùn ìlù yóò gòkè; bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀; bí ó bá sì ń fún un tí ó tún ń dẹ̀ ẹ́ ní àkókò tí kọ̀ǹgọ́ ń bà lé awọ, ohùn náà yóò máa yọ́ gòkè, yóò sì máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu ọmọ ènìyàn.

Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìlù tí ó bá lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìlù kò ní ahọ́n, kò ní ètè, kò sì ní eyín. Ohùn nìkan ni ó lè mú jáde, gbólóhùn púpọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jìnnà síra sì lè ní ohùn kan náà. Kí ni ó wá ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tí onílù ń sọ nínú wọn? Àwọn àkànlò àti oríkì tí gbogbo ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń parí ìtumọ̀ náà ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ibi tí onílù kọjú sí, ìgbésẹ̀ méjì tí ó gbé sún mọ́ ìyá àgbà tí ó jókòó ní igun, àti bí ó ti tẹ orí ba kí ó tó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ, inú ọmọlúwàbí tí ó wà nítòsí ni ó ti ń di odidi. Nígbà tí a bá gbé onílù kan náà sórí pèpéle gíga, tí iná tàn sí i lójú tí kò fi rí ẹnikẹ́ni, ta ni yóò kọjú sí? Yóò lu ìlù, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì yá, ṣùgbọ́n kò ní í bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Ibí yìí ni ó yẹ kí n ti bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa. Bí o kò bá mọ oríkì orílẹ̀ rẹ, tí o kò mọ̀ bóyá ọmọ Oníkòyí ni ọ́ tàbí ọmọ Òpómúléró, àwọn onílù, ọmọ Àyàn Àgalú, ẹni tí ń mú ni mọ ọ̀nà tí a kò dé rí, lè lù ọ́ láti ìdí baba rẹ títí dé ìdí ìyá rẹ, kí o sì jókòó síbẹ̀ kí o máa rẹ́rìn-ín bí àlejò. Lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n baba rẹ. Jẹ́ kí wọ́n kì ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí etí rẹ lè mọ bí ohùn ti ń rìn nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìyáàlù bá tún pè ọ́, ara rẹ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.

Nínú gbogbo orin tí a lè fi agbo kékeré gbọ́, sákárà ni mo fẹ́ràn jù. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀gbẹ́ ìlù náà, ó rí roboto, kò sì ga. Wọn á fi awọ ewúrẹ́ bo ojú rẹ̀ kan, wọn á sì fi èèkàn kéékèèké yí i ká láti mú awọ náà le. Onílù á fi igi pẹẹrẹ lù ú, ìka ọwọ́ tí ó fi dì í mú á sì máa tẹ awọ náà kí ohùn lè yí padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gòjé wà, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wọ ilẹ̀ wa: igbá tí a fi awọ awọ́nríwọ́n bò, okùn kan ṣoṣo tí a fi irun ìrù ẹṣin ṣe, àti ọrun tí a fi irun kan náà so. Okùn kan péré! Síbẹ̀ bí olórin bá dánu dúró láti mí, okùn kan yìí á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, á tún un sọ, á fi ẹkún díẹ̀ sí i, á sì dá a padà fún un.

Àbíbù Olúwa wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sákárà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Yusuf Ọlátúnjí, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Baba l'Ẹ́gbàá, sì gbé e dé ibi gíga títí di ọdún 1978 tí ó fi ayé sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwo wọn, mo sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwo kì í gba bí ọrun ti ń ha okùn kí ohùn tó jáde, kì í gba ìró ìka lórí awọ, kò sì lè gba ohun tí ó dùn jù, ìyẹn bí orin sákárà tí kì í kánjú ṣe ń dúró de olùgbọ́: olórin á sọ gbólóhùn kan tí ó jinlẹ̀, á wo ojú àwọn ènìyàn, bí ó bá sì rí i pé kò tíì wọ̀ wọ́n lára, á yí i padà, á tún gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́. Bákan náà ni àpàlà. Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó kú ní ọdún 1983, kò lo gòjé ní tirẹ̀, àgídìgbo ni ó ń bá a mú ìsàlẹ̀ dúró; àwo rẹ̀ tí ó sì lókìkí jù, èyí tí ó jáde ní ọdún 1971, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rẹ̀ẹ́ kan ní Òṣogbo, Oroki Social Club, ni ó ń jẹ́.

Ìtàn jùjú ni ó fi hàn kedere bí ẹ̀rọ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà tí Túndé King ń kọrin ní Olówógbówó ní Èkó, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní ọdún 1936, ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni wọ́n: bánjò-gìtá kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ìlù pẹlẹbẹ olójú kan tí wọ́n ń pè ní jùjú, àti elégbè. Pálọ̀ ilé gbà wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń dé etí gbogbo àlejò tí ó di gíláàsì mú. Ní nǹkan bí ọdún 1948 ni gángan wọ inú orin náà, ohùn gángan sì le ju ti gìtá lọ. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá tirẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà, bí gìtá bá ti ròkè tó, ni ààyè ń ṣí sílẹ̀ fún ìlù mìíràn; bí ìlù bá ti pọ̀ tó, ni máìkì àti gbohùngbohùn ń pọ̀ sí i; títí tí ẹgbẹ́ onílù fi kúrò ní pálọ̀, tí wọ́n bọ́ sí títì àti gbọ̀ngàn. I. K. Dairo àti àwọn tí ó tẹ̀lé e fi ọ̀nà tuntun yìí ṣe ohun tí ó tóbi, n kò sì ní bu iyì wọn kù. Pálọ̀ ni ó ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí kò sí ẹni tí ó padà lọ wo ohun tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ìbátan wa tí a kó ní ẹrú lọ sí Kúbà kò fi agbo kékeré sílẹ̀ ní tiwọn. Títí di òní, inú ilé ni wọ́n ti ń lu bàtá fún àwọn òrìṣà ní Havana àti Matanzas, ìlù mẹ́ta lórí orókún onílù mẹ́ta, tí wọ́n ṣì ń pe èyí tí ó tóbi jù ní Iyá, tí wọ́n sì ń pe ẹ̀mí tí ń gbé inú ìlù ní Añá, ìyẹn Àyàn wa.

Nílé níhìn-ín, àwọn kan ti gbìyànjú. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí tirẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, níbi tí ará àdúgbò lè wọlé láti wo eré kí wọ́n sì gbọ́ ìlù ní tòsí. Ní Èkó, Freedom Park tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010 sórí ilẹ̀ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Òyìnbó wà tẹ́lẹ̀ ní Broad Street jẹ́ ibi kan tí ènìyàn ti lè jókòó sí ìta gbangba kí ó gbọ́ olórin láìjìnnà sí i. Jimi Solanke, olórin àti apìtàn tí ó kú ní ọdún 2024, fi hàn wá bí ohùn kan àti ìtàn kan ti tó láti mú àwùjọ dákẹ́. Olórin tí ń jẹ́ Beautiful Nubia sì ń fi gìtá àti ìlù bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní èdè baba wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó rọrùn jù kò sí nínú ìlú ńlá. Ààfin ọba ìlú rẹ ni. Béèrè lọ́wọ́ àwọn onílù ààfin, Àyánwálé tàbí Àyántúndé kan yóò wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ jókòó gbọ́.

Olùgbọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lílé ni ti olórin, ègbè ni ti àwùjọ. Ẹni tí ó bá pa ẹnu mọ́ ní agbo kékeré ti dín orin kù. Kí fóònù wà nínú àpò, nítorí onílù tí ó bá ń wá ojú rẹ kò gbọdọ̀ bá gíláàsì pàdé. Ní ti owó níná, mo mọ̀ pé èsì ni, ó sì ní àyè tirẹ̀ bí ìyáàlù bá kì ọ́ tí orí rẹ wú. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi owó tí a ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí ṣe owó iṣẹ́, kí olórin wá máa fi gbogbo alẹ́ wá ẹni tí àpò rẹ̀ wú kiri, kí ó sì gbàgbé orin. Kí a dá owó jọ tẹ́lẹ̀, kí a san án kí wọ́n tó kó ìlù jáde nínú àpò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pe irú agbo bẹ́ẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀, kí ó mú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí awọ máa ń dẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tutù, òjò lórí páànù sì máa ń bo gòjé mọ́lẹ̀. Kí ó to àga yí ká, kì í ṣe ní ẹsẹẹsẹ. Kí ó pa jẹnẹrétọ̀, kí ó tan àtùpà. Kí ó fún àwọn onílù ní oúnjẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó sì lọ bá aṣáájú wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó sọ orúkọ àwọn àlejò àti orílẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá fún un. Àyàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Yóò kàn béèrè ta ni ó dàgbà jù nínú wọn, kí ó lè mọ ẹni tí ìyáàlù yóò kọ́kọ́ kí.