Ọ̀rọ̀ Oǹkà Àyálò nínú Yorùbá Àdúgbò Coconut

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ọ̀rọ̀ oǹkà àyálò wò nínú Yorùbá tí à ń gbọ́ ní Coconut, ibùdókọ̀ kan ní ojú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, nítòsí èbúté Tin Can. Òwò èbúté ti kó Yorùbá, Ìjọ́, Ùròbò, Ígbò àti Haúsá jọ sí agbègbè náà àti sí Ajégúnlẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: bí èdè kan bá yá ọ̀rọ̀ oǹkà lò, ṣé nítorí pé kò ní tirẹ̀ ni?

Rárá o. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni Haúsá ti yá ogún, ọgbọ̀n, títí dé àádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó ní oókan dé ẹẹ́wàá tirẹ̀. Swahili yá ẹẹ́fà, eéje àti ẹẹ́sàn-án lọ́wọ́ Lárúbáwá kan náà, síbẹ̀ kò yá ẹẹ́jọ. Òwò àti ẹ̀sìn ni ó ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Kí owó Òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ní ọ̀kẹ́, àpò owó ẹyọ tí í ṣe 20,000. Owó Òyìnbó ni ó mú ṣílè, sísì àti kọ́bọ̀ wá. Orúkọ bàbà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni a sọ di kọ́bọ̀. Nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1973, sísì di kọ́bọ̀ 5, ṣílè sì di kọ́bọ̀ 10.

Ọ̀nà méjì ni a lè pín àyálò wọ̀nyí sí. Ti àkọ́kọ́ ni 'kọ́bọ̀ mẹ́ta' àti 'mílíọ̀nù méjì'. Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni a yá níhìn-ín. Yorùbá ni ó kà á, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni oǹkà sì wà. Ti kejì ni 'tú mílíọ̀nù' àti 'fọ́tì-fáìfù'. Níhìn-ín, àti ọ̀rọ̀ àti ètò ìṣirò ni a yá.

Kí ni ó fa ti kejì? Ẹ jẹ́ kí a wo 45, márùndínláàádọ́ta: a yọ 5 kúrò nínú 50, bẹ́ẹ̀ 50 fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́ta tí a yọ ẹẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rí 45 nínú ìwé ẹrù, tí ó sì fẹ́ kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, yóò ka 4 kí ó tó ka 5, bí ojú rẹ̀ ti rí i. Ẹni tí yóò kà á ní Yorùbá ní láti kọ́kọ́ ronú kan 50, èyí tí kò sí nínú ìwé. Ìwé, ilé-ẹ̀kọ́ àti owó onídẹ́wàá ni ó ń ti ahọ́n sí ọ̀nà tí ó yá.

Nítorí náà, kì í ṣe 'mílíọ̀nù' ni ó ń ba oǹkà Yorùbá jẹ́. Bí ìyá àgbà bá pe ogóje, tí ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ogún lọ́nà méje ni, ìṣirò ni ó sọnù láàrin wọn. Ìṣirò yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá tẹnu mọ́ ju kíkọ́ orúkọ oǹkà sórí lásán lọ.