Àṣírí tú! Pinocchio ni àlejò orí alùpùpù

Bí wọ́n bá dárúkọ August W. Booth fún àwọn tó wo eré àtìgbàdégbà “Once Upon a Time” lórí tẹlifíṣàn ABC l’Amẹ́ríkà, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin náà yí àwọn po.

Orí alùpùpù ló jókòó tó fi wọ Storybrooke, ìlú tí àjòjì kì í wọ̀. Eion Bailey ló ṣe é. Ó gbé àpótí kan dání, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ló wà nínú ẹ̀, ó ní òǹkọ̀wé lòun.

Wàhálà bá dé! Ará inú àlọ́ ni gbogbo èèyàn ìlú yẹn, èpè ayaba búburú ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ara wọn. Snow White di tíṣà, Rumplestiltskin di Ọ̀gbẹ́ni Gold. Ta wá ni àlejò yìí? Àwọn kan ní ọ̀kan nínú àwọn Grimm tó kọ àlọ́ sínú ìwé ni, ṣebí òun náà ń kọ̀wé. Àwọn mìíràn fàáké kọ́rí pé Baelfire ni, ọmọ Gold tó sọnù. Gold fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Àṣé irọ́ ni! Àìsàn ló ń ṣe August, agbára idán Gold ló fẹ́ fi wo ara ẹ̀ sàn.

Lọ́jọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2012, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Pinocchio ni, ọmọ tí Geppetto fi igi gbẹ́, tí Carlo Collodi ará Ítálì kọ ìtàn ẹ̀ láàárín ọdún 1881 sí 1883. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, igi ló tún ń dà.

Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ló ń dà á láàmú. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó ṣèlérí fún bàbá ẹ̀ pé òun á tọ́jú Emma, ọmọ jòjòló tí yóò tú èpè náà. Ó fi í sílẹ̀ nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, ó bá ẹgbẹ́ sá lọ. Emma dàgbà pẹ̀lú èrò pé ẹ̀bá títì làwọn òbí òun gbé òun jù sí.

Orúkọ làwọn òǹwòran ń wá kiri, wọn ò ka irọ́ tó ń pa lójú wọn sí, bẹ́ẹ̀ irọ́ gan-an ni àmì Pinocchio. Nígbà tó wá sọ òótọ́ fún Emma, tó ká ṣòkòtò sókè kó lè rí igi, ẹran ara lásán lojú obìnrin náà rí. Ta ló ń gba òpùrọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tó bá sòótọ́?