Rédíò tó ń rìn bí ìgbín: Bí agbára 1 wáàtì ṣe ń sọdá òkun

Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà wa sọ rédíò. Àwa ń sọ̀rọ̀ níbí, ẹ̀yin ń gbọ́ nílé, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri àgbáyé tó jẹ́ pé èsì gan-an ni wọ́n ń fi rédíò wá. 'Ham' ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kì í ka ìròyìn, wọn kì í polówó ọjà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánwò, ìjọba fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ló ń sọ ibi tí wọ́n ti wá: ti Nàìjíríà ń fi 5N bẹ̀rẹ̀, ti Benin ń fi TY, ti Togo ń fi 5V.

Nínú wọn, àwọn kan wà tí tiwọn tún yàtọ̀. Agbára tí wọ́n ń lò kò tó nǹkan, síbẹ̀ ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Yúróòpù ń dé Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń ta sí i? Sùúrù ni.

Kí ló dé tí ìgbì tó gùn fi ń rìn jìnnà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí FM tí ẹ mọ̀. Ìgbì kan níbẹ̀ kò gùn ju nǹkan bíi mítà 3 lọ. Ó ń lọ tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì. Tí òkè bá dí i, tàbí tó bá jìnnà díẹ̀, ó tán nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wakọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin fi ní láti wá ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn lójú ọ̀nà.

Ní 136 kilohertz, tí àwọn ham tí à ń wí yìí ń lò, ìgbì kan ṣoṣo gùn ju kìlómítà 2 lọ. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ara ilẹ̀ àti ojú òkun. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, ó tún ń lọ lu òkè, ní nǹkan bíi kìlómítà 90 sókè, á ta padà bí bọ́ọ̀lù tó lu ògiri, á sì balẹ̀ síbi tó jìnnà réré.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbì ńlá ń fẹ́ áńtẹ́nà ńlá. Èyí tó bá a mu dáadáa ní láti ga ju mítà 500 lọ. Ta ló fẹ́ ri irú ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé? Mítà 10 tàbí 15 ni ọ̀pọ̀ ham ní, nítorí náà ooru lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára wọn ń dà. Wọ́n lè ti ọgọ́rùn-ún wáàtì mélòó kan wọlé kí 1 péré tó bọ́ sí afẹ́fẹ́. Òfin náà kò sì fẹ́ kó ju 1 yẹn lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?

Àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ ni ìgbì gígùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1901, Guglielmo Marconi sọ pé òun gbọ́ lẹ́tà S tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Poldhu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Newfoundland ló wà nígbà náà, ní òdìkejì òkun. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti ọmọ ogun ojú omi ti gba ibẹ̀ kan. Ní 1912, òfin Amẹ́ríkà lé àwọn ham lọ sórí ìgbì tí kò ju mítà 200 lọ, torí wọ́n rò pé kò wúlò.

Àfi bí àwọn tí wọ́n lé ṣe rí wúrà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1921, ham Amẹ́ríkà kan, Paul Godley, lọ pàgọ́ sí Ardrossan ní Scotland, ó sì gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe rí i pé ìgbì kúkurú náà ń sọdá òkun, wọ́n ya lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 2007, àpérò àgbáyé lórí ìgbì rédíò gbà kí àwọn ham padà sí 136 kilohertz, wọ́n sì fi 472 kún un ní 2012.

Bí sùúrù ṣe ń borí ariwo

Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mànàmáná kọ̀ọ̀kan ń da ariwo sórí ìgbì gígùn, ariwo náà sì ń rìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Àrá tó sán ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ń dí àwọn tó wà ní Yúróòpù létí.

Ẹ ronú ọjà Bódìjà ní ọ̀sán gangan. Tí ẹnì kan bá sọ gbólóhùn kan wéré láti ìkángun kejì, ẹ ò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń fọn fèrè ní ohùn kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tí ẹ sì ti mọ ohùn tí ẹ ń dẹtí sí, ẹ ó mú un. Ariwo ọjà ń lọ sókè sódò, ó ń pa ara ẹ̀ rẹ́. Fèrè ò yí padà, ṣe ló ń kó jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bẹ́ẹ̀ làwọn ham yìí ń ṣe. Morse, tó jẹ́ àmì kúkurú àti àmì gígùn, ni wọ́n fà gùn bí ẹni ń fa rọ́bà. Àmì kúkurú tí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan tẹ́lẹ̀ lè gba 60 lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́tà S ti Marconi yẹn á wá gba odindi ìṣẹ́jú 5! Etí ò lè gbọ́ ọ, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń rí i bí ìlà tín-ín-rín.

Joseph Taylor, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, ham lòun náà. Ní 2008 ló gbé WSPR jáde, tí wọ́n ń pè bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń lò tó ìṣẹ́jú 2 láti fi ohun 3 péré ránṣẹ́: orúkọ, ibi tí onítọ̀hún wà, àti agbára tó lò. Kò sí ẹ ǹ lẹ́ o, kò sí ilé ńkọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹ ó rántí oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan bà jẹ́ lábẹ́ òkun ní apá Abidjan. Ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà ló dákẹ́. Ká sọ tòótọ́, WSPR ò lè fi owó ránṣẹ́, kò sì lè gbé fídíò. Ṣùgbọ́n kò sí wáyà tó lè já láàárín ẹni méjì tó ń lò ó. Ìgbì gígùn náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ń fi ránṣẹ́ sí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ òkun títí dòní. Nígbà tí ọ̀nà ńlá bá dí, ó dáa kéèyàn ṣì mọ ọ̀nà ẹsẹ̀.

Àwa fúnra wa náà sì lè ba ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn jẹ́. Ẹ gbé rédíò AM sún mọ́ ṣájà fóònù tàbí inverter, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ariwo yẹn ló ń bo ohùn kékeré mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò

Ní Grimeton, ní Sweden, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣí ní 1925 ṣì wà tó ń yí bí jẹnẹrétọ̀, tí ìgbì ẹ̀ gùn tó kìlómítà 17. UNESCO ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2004. Ní àárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, wọ́n máa ń tan án, wọ́n á fi Morse kí gbogbo ayé lórí 17.2 kilohertz. Wáyà gígùn, kọ̀ǹpútà tó ní ihò máíkì àti ètò tó ń yàwòrán ìgbì lè tó láti wá a. Ìgbà ọyẹ́ nìyẹn, àrá dín kù lọ́dọ̀ wa, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Tí òjò bá ṣú, ẹ yọ wáyà yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà kíá. Ẹ má sì nà án sítòsí òpó iná. Gbígbọ́ là ń wí o: ẹni tó bá fẹ́ fọhùn padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.